Ìwé, fíìmù àti kọ́míìkì tó bí géèmù "ayé ti bàjẹ́": èwo ni sáyẹ́ǹsì, èwo ni àlọ́?

Ká ní ẹ jókòó sídìí tábìlì kan báyìí, ẹnì kan wá kó dáìsì lé yín lọ́wọ́, ó ní: "Ogun átọ́míìkì ti jà kọjá. Ayé àtijọ́ ti di àwókù, ẹ̀yin sì wà lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù. Ẹ ju dáìsì yẹn, ká mọ ohun tí ara yín ti dà." Ẹ jù ú. Ó lè jẹ́ apá mẹ́rin lẹ máa ní. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ á máa gbọ́ ohun tí ẹlòmíì ń rò lọ́kàn láìjẹ́ pé ó la ẹnu. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ Gamma World nìyẹn, eré kan tí James M. Ward àti Gary Jaquet ṣe, tí iléeṣẹ́ TSR sì gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1978.

Fún ẹni tí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí, RPG ni wọ́n ń pe irú eré bẹ́ẹ̀. Kò jọ lúdò, kò jọ ayò, torí kò sí ẹni tó ń jẹ, kò sí ẹni tí wọ́n ń jẹ. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á sọ ara wọn di èèyàn inú ìtàn náà, wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Àwọn kan ń ṣe é lórí tábìlì, àwọn kan ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin máa ń ṣe tiwa lálẹ́ Sátidé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ìgbà tí iná bá wà, à ń ṣe é. Ìgbà tí kò bá sí, à ń ṣe é. Eré ẹnu ni, kò nílò NEPA.

Físíìsì ìtànṣán olóró, ìyẹn radiation, ni mò ń kà fún másítáàsì mi. Torí náà, bí àwọn yòókù bá ń rẹ́rìn-ín apá mẹ́rin, ohun tí èmi máa ń bi ara mi ni pé: ta ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ṣe géèmù wọ̀nyí ò lá a lójú àlá. Ìwé ni wọ́n kà, fíìmù ni wọ́n wò, kọ́míìkì ni wọ́n fi owó ọ̀sán rà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Tá a bá tọpa rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a máa rí i pé àwọn kan gbé sáyẹ́ǹsì gidi wá, àwọn míì sì gbé ẹ̀rù ìgbà ayé wọn wá. Ká má parọ́ fúnra wa, ó yẹ ká mọ èyí tó jẹ́ èyí, torí ohun tí géèmù bá kọ́ èèyàn kì í dúró sínú géèmù.

Eṣinṣin ló dá a sílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí abàmì ẹ̀dá, torí òun ló gbajúmọ̀ jù. Lọ́dún 1927, Hermann Muller, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé téèyàn bá tan X-ray sí àwọn eṣinṣin kéékèèké tó máa ń bo èso tó ti ń rà, apilẹ̀ àbùdá wọn, ìyẹn jíìnì, á yí padà, àwọn ọmọ wọn á sì jogún rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yẹn lọ́dún 1946. Ẹ wo ọdún náà dáadáa: ọdún kan péré lẹ́yìn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì balẹ̀ sí Hiroshima àti Nagasaki. Àwọn òǹkọ̀wé gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, wọ́n sì ṣe ìṣirò tiwọn: ìtànṣán ń yí ọmọ eṣinṣin padà, bọ́ǹbù ní ìtànṣán, nítorí náà bọ́ǹbù á yí ọmọ èèyàn padà.

Ìṣirò yẹn dùn létí. Ibi tó ti wọ́ ni pé ìtànṣán tí Muller lò fún eṣinṣin pọ̀ débi pé tó bá jẹ́ èèyàn ni, onítọ̀hún á ti kú kó tó ronú ọmọ bíbí. Àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn ní sinimá?

Ọdún 1954 ló wá tú jáde pátápátá. Fíìmù Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Them! fi èèrà tó tóbi ju mọ́tò lọ hàn, tí àdánwò bọ́ǹbù sọ dà bẹ́ẹ̀ ní aṣálẹ̀ New Mexico. Ti Japan ní ẹ̀jẹ̀ gidi nínú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún yẹn, Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù ńlá kan wò ní erékùṣù Bikini nínú òkun Pàsífíìkì. Eérú rẹ̀ rọ̀ sórí ọkọ̀ àwọn apẹja Japan tó ń jẹ́ Daigo Fukuryū Maru. Àwọn 23 tó wà nínú rẹ̀ ló ṣàìsàn, ọ̀kan nínú wọn sì kú ní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, Godzilla ti jáde ní sinimá, ẹranko ńlá tí bọ́ǹbù jí dìde nísàlẹ̀ òkun. Àwọn tó wò ó ní Tokyo mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ìwé náà ń jáde. Andre Norton ti kọ Starman's Son láti ọdún 1952: ọ̀dọ́kùnrin kan, Fors, tí irun rẹ̀ funfun bíi fàdákà, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ò fẹ́ gbà sẹ́gbẹ́ torí wọ́n fura sí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó mú ológbò ńlá rẹ̀ dání, ó forí lé ìlú kan tó ti di àwókù. Lọ́dún 1973, Sterling Lanier kọ Hiero's Journey. Níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún lẹ́yìn ogun, àlùfáà kan gun ẹranko la igbó Kánádà kọjá, béárì kan tó ń fi ọkàn bá a sọ̀rọ̀ ń bá a lọ, ohun tó sì ń wá kiri ni kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́. Àwọn tó ṣe Gamma World ò fi ṣe àṣírí: wọ́n dárúkọ ìwé méjèèjì yìí, wọ́n dárúkọ ìwé Brian Aldiss kan níbi tí ewéko ti gba ayé mọ́ èèyàn lọ́wọ́, wọ́n sì dárúkọ Wizards, fíìmù àwòrán tí Ralph Bakshi gbé jáde lọ́dún 1977.

Ní ti kọ́míìkì, Hulk jáde lọ́dún 1962: onímọ̀ físíìsì kan tí ìtànṣán gamma bà, tó di òmìrán. Lọ́dún 1972, Jack Kirby bẹ̀rẹ̀ Kamandi, ọmọkùnrin kan nínú ayé tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń ṣe ọba lé èèyàn lórí. Nílùú Ọba, ìwé àwòrán Judge Dredd mú àwọn òǹkàwé la aṣálẹ̀ olóró kọjá nínú ìtàn tó ń jẹ́ The Cursed Earth lọ́dún 1978. Nígbà tó di 1985, Games Workshop ti sọ Judge Dredd fúnra rẹ̀ di RPG. Báyìí ni eṣinṣin Muller ṣe di apá mẹ́rin lórí tábìlì.

Nígbà tí wọ́n lọ wò ó

Sáyẹ́ǹsì ò dúró síbi tí àwọn òǹkọ̀wé bá a dé. Lọ́dún 1947, Amẹ́ríkà dá àjọ kan sílẹ̀ ní Japan láti máa tọpa ìlera àwọn tó là á já ní Hiroshima àti Nagasaki. Lọ́dún 1975, ó di Radiation Effects Research Foundation, tí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ ń bójú tó, wọn ò sì tíì dáwọ́ dúró títí dòní. Nǹkan bí 120,000 èèyàn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún tọpa nǹkan bí 77,000 ọmọ tí wọ́n lóyún wọn lẹ́yìn tí bọ́ǹbù náà ti balẹ̀, tí òbí wọn kan tàbí méjèèjì wà níbẹ̀.

Kí ni wọ́n rí lára àwọn ọmọ yẹn? Tá a bá fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí bọ́ǹbù ò kan òbí wọn, wọn ò rí àlékún àbùkù ara tàbí àrùn àjogúnbá kankan tó ṣe é tọ́ka sí. Lọ́dún 2021, ìwé ìròyìn Science gbé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde nípa Chernobyl: wọ́n ka DNA 130 ọmọ tí òbí wọn wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó níbẹ̀ tàbí tí wọ́n kó kúrò nítòsí rẹ̀. Ìyípadà tuntun inú DNA wọn ò ju ti ọmọ èyíkéyìí lọ.

Ìyẹn ò sọ Muller di òpùrọ́. Ìtànṣán lè yí jíìnì padà lóòótọ́. Àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì wa, àwọn èròjà kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n máa so DNA tó bá já. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ṣe é tún ṣe sábà máa ń kú ni. Ìwọ̀nba tó bá kù á sì pòórá sáàárín èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń bí, èmi àti ẹ̀yin náà, ní ìpíndọ́gba nǹkan bí 60 ìyípadà tuntun tí kò sí lára bàbá àti ìyá rẹ̀. Ká sòótọ́, abàmì ni gbogbo wa. Kì í kàn í ṣe irú tó ń hu apá mẹ́rin.

Ó yẹ kí n tètè sọ ọ́ o: ìtànṣán olóró ń pani. Àwọn tó bà fúnra wọn ló jìyà. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láàárín wọn láàárín ọdún díẹ̀, oríṣiríṣi jẹjẹrẹ míì tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ tó wà nínú oyún lọ́jọ́ náà, pàápàá àwọn tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 15, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orí wọn kéré, tí ọpọlọ wọn ò sì dàgbà bó ṣe yẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí bó ṣe rí gan-an nínú kọ́míìkì, ẹ wá Barefoot Gen, tí Keiji Nakazawa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973. Ọmọ ọdún 6 ni Nakazawa ní Hiroshima lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣègbé. Nínú ìwé rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fò, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọkàn ẹnikẹ́ni. Irun ló ń re. Èébì ló ń gbé èèyàn. Ẹni tó dà bí ẹni tí kò fara pa lánàá lè kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ṣebí eré ni?"

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí eré ni, ta ló kàn?" Ó kan àwọn tó là á já. Hibakusha ni wọ́n ń pè wọ́n ní Japan, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ìdílé kan fi ń kọ̀ láti fi ọmọ fún wọn tàbí fẹ́ ọmọ wọn. Àwọn agbanisíṣẹ́ náà ń yẹra fún wọn. Èèyàn rò pé wọ́n á ran ẹlòmíì, èèyàn sì rò pé abàmì ni wọ́n máa bí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé e mọ́ra, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn wà níbẹ̀, títí wọ́n fi darúgbó.

Ó kan ilé tiwa náà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tá à ń pè ní Màmá Ìbàdàn, ní jẹjẹrẹ ọyàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, dókítà wá ní kí wọ́n lọ gba ìtànṣán, èyí tí wọ́n ń pè ní radiotherapy. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, Màmá ò lọ. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n kọ́kọ́ béèrè oúnjẹ tí mò ń jẹ ní iléèwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀: "Ìwọ lo ń ka nǹkan yìí. Tí wọ́n bá tan iná yẹn sí mi lára, ṣé mo ṣì lè gbé ọmọ Bùkọ́lá mọ́ra?"

Mo ní, "Mà, tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ògiri, tẹ́ ẹ wá pa á, ṣé ìmọ́lẹ̀ á ṣẹ́ kù sára ògiri?"

Wọ́n ní rárá.

"Bó ṣe rí náà nìyẹn, mà. Látita ni ẹ̀rọ yẹn ti ń tàn án. Tí wọ́n bá ti pa á, ó tán. Ẹ lè gbé ọmọ mọ́ra lọ́jọ́ náà gan-an."

Irú ìtọ́jú ìtànṣán míì wà tí wọ́n ti ń fi èròjà olóró sínú ara, ìyẹn ní òfin tirẹ̀, dókítà á sì sọ ọ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe fún Màmá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n sì gbà á parí. Mi ò lè sọ pé fíìmù kan pàtó ló dẹ́rù bà wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Màmá ò ka ìwé físíìsì rí. Ibì kan ni wọ́n ti gbọ́ ọ pé ẹni tí ìtànṣán bà ti di ẹlòmíì.

Àwọn mọ́ńkì tó ń ṣọ́ ìwé

Kì í ṣe gbogbo ìwé ló gbé àlọ́ wá. Walter M. Miller Jr. wà lára àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó wà nínú àwọn ọkọ̀ tó ju bọ́ǹbù sí Monte Cassino ní Ítálì lọ́dún 1944, ilé àwọn mọ́ńkì tó ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan àti irínwó ọdún. Lọ́dún 1959, ó kọ A Canticle for Leibowitz, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Hugo lọ́dún 1961.

Nínú ìtàn náà, lẹ́yìn tí ogun átọ́míìkì ti pa ayé run, àwọn tó kù dìde sí àwọn onímọ̀, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì sun ìwé. Àwọn mọ́ńkì kan ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà wá ń fi ìwọ̀nba tó kù pamọ́, wọ́n ń dà á kọ láti ìran dé ìran, láìmọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọ̀kan nínú wọn rí àwòrán ẹ̀rọ iná mànàmáná, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún dà á kọ, ó fi wúrà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Kò mọ ohun tí ìlà kan níbẹ̀ ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, mo sì dákẹ́, torí mo rántí bí àwa náà ṣe máa ń há ìlànà físíìsì sórí nítorí ìdánwò.

Àwọn tó ṣe géèmù Fallout, tó jáde lọ́dún 1997, ti sọ pé ìwé yìí wà lára ohun tó mí sí wọn. Ẹni tó bá mọ Brotherhood of Steel inú géèmù náà, ẹgbẹ́ tó wọ ìhámọ́ra irin, tó ń kó ẹ̀rọ ayé àtijọ́ jọ bíi ohun mímọ́, á rí àwọn mọ́ńkì Miller lẹ́yìn irin yẹn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Fallout gbé lé èèyàn lọ́wọ́ náà kì í ṣe ogun. Ẹ̀rọ tó ń sọ omi di mímọ́ nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ lọ wá èyí tó máa rọ́pò rẹ̀, ẹ ní ọjọ́ 150.

Báwo ló ṣe yẹ kéèyàn pẹ́ tó lábẹ́ ilẹ̀? Nínú ìtàn Fallout, ọdún 2077 ni ogun jà, ọdún 2161 ni akọni géèmù náà sì jáde, ọdún 84. Ìlànà kan wà tá à ń lò fún eérú bọ́ǹbù: tí àkókò bá di ìlọ́po méje, agbára ìtànṣán á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ká ní ó jẹ́ 1,000 ní wákàtí kan lẹ́yìn tí bọ́ǹbù dún. Ní wákàtí 7, á ti di 100. Ní wákàtí 49, bí ọjọ́ méjì, á ti di 10. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, á ti di 1. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló burú jù, ẹni tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri tó nípọn tàbí sábẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ti yẹ ọ̀pọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn èròjà kan ṣì máa ń pẹ́. Caesium-137 gba ọdún 30 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, nítorí náà lẹ́yìn ọdún 84, bí ìdá kan nínú méje ló máa kù. Fallout tún gba ohun kan dáadáa: tẹ́ ẹ bá jẹ oúnjẹ tàbí mu omi tí eérú ti bọ́ sí, ìtànṣán ara yín á máa lọ sókè. Oògùn inú géèmù náà tó ń fọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀ ni kò sí. Èyí tó sún mọ́ ọn ni Prussian blue, àwọ̀ búlúù kan náà tí àwọn ayàwòrán ń lò. Ó máa ń di caesium mú nínú ìfun títí èèyàn á fi yà á dànù. Wọ́n lò ó ní Goiânia ní Brazil lọ́dún 1987, nígbà tí èròjà caesium látinú ẹ̀rọ ìtọ́jú kan tí wọ́n pa tì bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú, tí èèyàn mẹ́rin sì kú.

Epo bẹntiróòlù àti ajá kan

Ajá tó ń tẹ̀ lé èèyàn kiri nínú Fallout wá látinú A Boy and His Dog, ìtàn tí Harlan Ellison kọ lọ́dún 1969, tí wọ́n fi ṣe fíìmù lọ́dún 1975. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tó ní apá kan ṣoṣo wá látọ̀dọ̀ Mad Max 2, tó jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 1981. Ohun tó bá mi nínú Mad Max kọjá jákẹ́ẹ̀tì. George Miller tó darí rẹ̀ jẹ́ dókítà, ó sì ti tọ́jú àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ ṣe. James McCausland tí wọ́n jọ kọ Mad Max àkọ́kọ́ sọ pé ohun tí àwọn wò ni bí àwọn awakọ̀ Ọsirélíà ṣe ń bára wọn jà nílé epo nígbà ọ̀wọ́n epo ọdún 1973. Kò sí ìtànṣán nínú Mad Max àkọ́kọ́ yẹn. Kò sí abàmì. Epo tán, ìwà èèyàn sì tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tó bá ti lo òru mọ́jú rí lórí ìlà epo ò nílò kí n ṣàlàyé.

Ẹni tó ń ju nọ́ọ̀tì

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni mo fi sẹ́yìn. Lọ́dún 1972, Arkady àti Boris Strugatsky, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Soviet, gbé Roadside Picnic jáde. Àwọn àlejò kan ti òfuurufú wá, wọ́n yà síbi mélòó kan nílé ayé, wọ́n lọ, wọ́n ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Pàǹtírí wọn ló kù, bí ìgbà téèyàn jẹun lẹ́bàá ọ̀nà, tó fi ike àti agolo sílẹ̀ fún èèrà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Zone. Àwọn tó ń yọ́ wọlé lọ kó pàǹtírí náà tà ni wọ́n ń pè ní stalker. Andrei Tarkovsky fi ṣe fíìmù Stalker lọ́dún 1979.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1986, ẹ̀rọ kẹrin bú gbàù ní Chernobyl, wọ́n sì pààlà nǹkan bí kìlómítà 30 yí i ká. Zone ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń yọ́ wọlé síbẹ̀, stalker ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìwé ti dárúkọ nǹkan náà ní ọdún 14 kó tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2007, iléeṣẹ́ GSC Game World ní Kyiv pa ìwé, fíìmù àti Chernobyl pọ̀ di géèmù S.T.A.L.K.E.R.

Nínú ìwé náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ Zone á kó nọ́ọ̀tì sápò. Kó tó gbé ẹsẹ̀, á ju ọ̀kan síwájú, á sì wo bó ṣe fò, bó ṣe balẹ̀. Tó bá balẹ̀ dáadáa, á tẹ̀ síwájú. Géèmù náà fún àwọn tó ń ta á ní bóòtì tí kò tán láé fún iṣẹ́ yìí kan náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Ewu tí ojú ò rí, ẹ fi nǹkan kékeré dán an wò kẹ́ ẹ tó fi ara yín dán an wò. Ohun tí ẹ̀rọ Geiger tó wà nínú yàrá ìwádìí wa ń ṣe nìyẹn, òun ló ń bá wa ju nọ́ọ̀tì.

Ní Chernobyl gidi, ibi tí wọn ò ti tètè ju nọ́ọ̀tì ló dun àwọn ọmọdé. Iodine-131 bọ́ sórí koríko, màlúù jẹ ẹ́, àwọn ọmọ mu wàrà. Ọjọ́ 8 péré ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. Ká ní wọ́n ti tètè gba wàrà yẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọ fún oṣù díẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ì bá ti bọ́. Nígbà tó fi máa di 2005, ó ti lé ní 6,000 èèyàn, nínú àwọn tó wà lọ́mọdé tàbí lọ́dọ̀ọ́ nígbà náà, tó ti ní jẹjẹrẹ tírọ́ọ̀dì, ẹ̀yà ara tó wà ní ọ̀fun. Apá tó pọ̀ níbẹ̀ ló jẹ́ ti wàrà yẹn.

Tó bá kan tábìlì tiwa

Kò sí ohun tó ní kéèyàn máà ṣeré. Apá mẹ́rin ń pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Àmọ́ lórí tábìlì wa, a ti yí òfin mẹ́ta padà. Èkíní, ìtànṣán kì í fún ẹnikẹ́ni ní agbára mọ́. Ìwé kékeré kan ló wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, a máa ń kọ iye tó ti gbà síbẹ̀, kì í sì í dín kù. Ìkejì, kò sẹ́ni tó lè wọ ibi tí a ò mọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ nọ́ọ̀tì tó máa jù. Ìkẹta, ìwé ni ìṣúra tó ga jù, ṣùgbọ́n ìwé ò wúlò àfi tí ẹnì kan bá lè ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn yòókù lórí tábìlì, lẹ́nu ara rẹ̀. Òfin kẹta yìí ti mú kí ọ̀rẹ́ wa kan tó ń ka òfin ní yunifásítì lọ ka bí wọ́n ṣe ń fi yanrìn àti èédú sẹ́ omi.

Tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, Roadside Picnic kúrú, ọjọ́ méjì ẹ ti parí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kà á, ẹ lọ mú Rosewater tí Tade Thompson kọ, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, tó dàgbà ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni ìtàn tirẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: nǹkan kan wá láti òkè, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ìlú kan sì hù yí i ká. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke lọ́dún 2019. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń ronú irú eré téèyàn lè fi ṣe, lórí tábìlì, ní èdè wa, pẹ̀lú dáìsì lúdò. Tí ẹ̀yin bá tètè ṣe é ṣáájú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ abala tí ìtànṣán ti ń hu apá mẹ́rin kúrò. Ẹnì kan máa jókòó sídìí tábìlì yẹn tí màmá rẹ̀ fẹ́ lọ gba ìtọ́jú lọ́jọ́ Mọ́ńdè.